Modeste, Ẹni tó Gbìn Ẹní fún Ìyàwó Rẹ̀

Bí ọkùnrin kan àti ọ̀kẹ́rẹ́ kan bá ń gbàdúrà lórí èso kan náà, ti ta ni Ọlọ́run yóò gbọ́? Láti ìgbà ooru tó kọjá ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè yìí. Mo bi Fádà tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bu tíì sí i fún òun. Èmi Placide ni mo ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Adágún Ẹja Funfun lọ́jọ́ Ìsinmi tí Fádà ò bá sí, ìyẹn ni pé èmi ni mo ń darí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ó yẹ kí n mọ ìdáhùn, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkùnrin náà, mo mọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú.

Modeste lorúkọ ọkùnrin náà. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ó ga, ó gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá sórí igi, etí rẹ̀ sì fẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kó di orí ara rẹ̀ mú. Ọgbọ̀n ìgbà ooru ló fi bá ìjọba pa iná igbó. Kò sí irú iná tí kò mọ̀ nínú ilẹ̀ Dehcho tiwa ní àríwá yìí. Ó mọ èyí tó ń fò láti orí igi dé orí igi. Ó mọ èyí tó ń wọnú ilẹ̀ lọ sùn lábẹ́ yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù dé òpin rẹ̀, tí yóò wá jí nígbà tí yìnyín bá yọ́, tí yóò tún máa jó lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Iná kì í ṣe ọ̀tá,” ni Modeste máa ń wí. “Àlejò ni. Àlejò tó bá ń wá lẹ́ẹ̀kan nígbà ayé bàbá ẹni, tíì là ń gbé kalẹ̀ fún un. Èyí tó bá tún padà dé kí tíì tó tutù, ilẹ̀kùn là ń tì mọ́ ọn.”

Ó ní ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Àgọ́ ọdẹ rẹ̀ wà ní Ẹnu Odò Dúdú, ìrìn ààbọ̀ ọjọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi sí abúlé wa. Igi abẹ́rẹ́ ló yí ibẹ̀ ká tẹ́lẹ̀, igi dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, tí kì í wọ́wé bí òtútù ti wù kó mú tó. Èso rẹ̀ le koko, ó ní ìpẹ́ bí ẹja, oje sì ti lẹ̀ ẹ́ pa. Iná ló ń ṣí i. Bí iná bá kọjá, oje á yọ́, èso á yanu, hóró á rọ̀ sílẹ̀ sórí eérú, àwọn ọmọ á sì hù níbi tí ìyá wọn jóná sí. Bàbá bàbá Modeste rí i bẹ́ẹ̀. Modeste náà rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Iná jó àgọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ sunkún. Ó kọ́ àgọ́ mìíràn, ó jókòó ti àwọn ọmọ igi tó ń hù bí irun orí ọmọ tuntun.

Ọdún kejìlá ni iná kejì dé. Àwọn ọmọ igi ò tíì so èso tó jọjú. Wọ́n jóná, wọn ò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Iná náà gbóná tó fi jẹ àwọn ewédò rírọ̀ tó bo ilẹ̀ títí dé ilẹ̀ tútù. Nígbà tí ọdún yí po, igi agbọ̀nrìrì ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, igi eléèpo funfun tí ewé rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ojo tó rí béárì, òun àti igi etídò tí kò ṣe é fi ṣe ohunkóhun.

“Onílé kú láìbímọ,” ni Modeste wí, “àwọn ayálégbé wá gba gbogbo yàrá.”

Èyí kì bá dun ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Alphonsine, ìyàwó rẹ̀.

Àwọn obìnrin wa ló ń tẹ́ ilẹ̀ àgọ́. Ẹ̀ka igi abẹ́rẹ́ tútù ni wọ́n máa ń ṣẹ́, wọn á tò ó ní ìlà-ìlà, ìdí ẹ̀ka lábẹ́, orí rẹ̀ lókè, bí ìyẹ́ ara ẹyẹ. Ó máa ń rọ̀ bíi tìmùtìmù, ó máa ń ta sánsán, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí obìnrin tó mọ̀ ọ́n tẹ́ bí Alphonsine ní gbogbo etí adágún wa. Orí irú ẹní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ní Ẹnu Odò Dúdú yẹn gan-an. Lẹ́yìn iná kejì, Modeste tẹ́ rọ́bà fún un. Alphonsine sùn lé e fún ọjọ́ méjì, rọ́bà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

“Modeste,” ó ní, “wọ́n bí mi sórí ẹ̀ka. N kò ní kú sórí rọ́bà.”

“Ta ló ní kí o kú? Sùn.”

“Philomène ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun nígboro. Ó ní kápẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá máa sùn sórí ohun tí kò lóòórùn, kí n kúkú sùn sórí èyí tó nípọn.”

Philomène ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Modeste rò pé àwàdà ni. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ ṣẹ́ ẹ̀ka wá láti òdìkejì adágún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lọ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó dákú. Alphonsine ò sì tilẹ̀ yìn ín. “Ẹní tí a yá láti ọ̀nà jíjìn,” ó ní, “ilé ìtura lèyí, kì í ṣe ilé.” Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ́dún tó kọjá, ó di báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì dá ọjọ́: bí ẹní igi abẹ́rẹ́ Ẹnu Odò Dúdú ò bá sí nílẹ̀ kí àwọn ẹyẹ omi tó kó lọ sí gúúsù, òun ń lọ sọ́dọ̀ Philomène, òun ò sì ní padà.

Modeste wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń yí i po.

“Placide, ọdún kọkàndínláàádọ́ta rèé tí mo ti fẹ́ obìnrin yẹn. Bí ó bá lọ, ta ni yóò máa sọ fún mi pé orí mi ò pé?”

“Bàbá, ẹni tó lè sọ ọ́ pọ̀ lábúlé.”

“Wọn ò lè sọ ọ́ bíi tirẹ̀.”

Èyí ló gbé e dé itẹ́ òkú. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa níbẹ̀, igi abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣì wà. Ọjọ́ tí iná kejì ń bọ̀ wá sí abúlé, mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo bẹ Ọlọ́run kí afẹ́fẹ́ yí padà. Ó yí padà. Ṣọ́ọ̀ṣì là, itẹ́ òkú là, iná gba ọ̀nà Ẹnu Odò Dúdú lọ. Mo ti dúpẹ́ afẹ́fẹ́ yẹn ní gbangba ju ìgbà méjìlá lọ. Ní ìkọ̀kọ̀, n kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ fún Modeste pé èmi ni mo gbàdúrà ọ̀hún, ó wò mí títí.

“O ṣe dáadáa,” ó ní. “Kìkì pé o ò sọ ibi tó yẹ kó yà sí.” Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ẹnikẹ́ni kì í ṣẹ́ ẹ̀ka láàárín àwọn òkú wa. Èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́ kì í ka èèwọ̀ sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa kan wà níbẹ̀ tó máa ń gorí igi lọ já èso, tó sì kó wọn jọ sábẹ́ gbòǹgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá Modeste, òkìtì ńlá. Orúkún Modeste ò gba igi gígùn mọ́. “Kí ni mo fẹ́ gun igi sí,” ó ní, “nígbà tí mo ní ọmọ ọ̀dọ̀?” Ó sọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà ní Kádínà, bí àwọn àgbà bíṣọ́ọ̀bù ìjọ wa, nítorí aṣọ pupa rẹ̀ àti bó ṣe máa ń bá gbogbo ayé wí láti òkè. Mo ní kó má fi orúkọ ìjọ ṣeré. Ó ní kí ló burú níbẹ̀, Kádínà gan-an ò tíì bínú.

Ète rẹ̀ nìyí: yóò kó èso, yóò gba hóró, yóò gbìn ín sí Ẹnu Odò Dúdú, kí Alphonsine lè rí i pé onílé ti padà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àádọ́ta ọdún ló máa gbà kí wọ́n tó ṣe é ṣẹ́ fún ẹní. “Màá máa fi ọdún kan lé ọ̀kan,” ló dáhùn nígbà tí mo sọ fún un.

Kò jí èso náà lásán. Ẹni tó bá mú nǹkan lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀. Ó gbé tábà kalẹ̀ fún Kádínà. Kádínà wọ́ ọ dànù. Ó gbé ẹja gbígbẹ kalẹ̀. Kádínà gòkè, ó bú u fún wákàtí kan gbáko. Ó gbé bánọ́kì kalẹ̀, búrẹ́dì orí àwo tí Alphonsine ṣe fúnra rẹ̀. Kádínà gbé èyí, ó gbé e gun igi lọ sókè, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó sì sọ ìyókù lu Modeste lórí.

“Wàá ronú pìwà dà!” ni Modeste pariwo. “Ìyàwó mi ló ṣe é!”

Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí igi, ojú ọdẹ dá. Modeste kó èso kún àpò ìyẹ̀fun kan, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síbi ibojì ìyá rẹ̀ láti gbàdúrà. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọ̀kẹ́rẹ́ jìnnà sí òun. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ọ̀kẹ́rẹ́ wà. Ó ti já àpò náà nídìí, ó ń kó èso jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sá padà lọ sábẹ́ gbòǹgbò. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àgbélébùú ẹnì kan, ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lókè àyà, ó gbójú sókè. Àwọn méjèèjì ń gbàdúrà. Ó yẹ kí n kígbe. N kò kígbe, ó dùn mọ́ mi jù.

Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà kó tó yé Modeste. “Èso kan náà,” ó ní, ó ranjú kalẹ̀. “Èso kan náà ni mo jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta!” Lọ́jọ́ kẹrin ó gbé garawa onírin wá, ó jókòó lé ìdérí rẹ̀ láti fi gbàdúrà.

Ó ku kí èso yanu. Modeste tò wọ́n sórí àwo, ó tì wọ́n sínú ófùn Alphonsine, ó yí iná rẹ̀ sílẹ̀ kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ. Lẹ́yìn náà ló jáde wá sọ ìtàn Kádínà fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìtàn náà dùn, ó sì gùn. Alphonsine wọlé láti yan bánọ́kì, ó yí ófùn sókè gidi kó lè gbóná. Kò wo inú rẹ̀. Ta ló ń wo inú ófùn ara rẹ̀?

Láìpẹ́ èéfín dúdú ń jáde lójú fèrèsé, ohun kan ń ta pọ́ọ́, pọ́ọ́ nínú ilé. Ẹnì kan fa agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo abúlé wa ti sá fún iná lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ wọn ò gbàgbé. Kí ènìyàn tó ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run tán, gbogbo wa ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn ajá wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé etí omi. Ife mímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Èmi tí mo ń ka “Má bẹ̀rù” sí wọn létí lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi. N kò fẹ́ rò ó jù.

Nígbà tí a padà, Alphonsine dúró láàárín ilé ìdáná, irun rẹ̀ kún fún eérú.

“Ọgbọ̀n ọdún lo fi pa iná oníná. Ó wá kù kí o dáná sun tìrẹ!”

Modeste ò gbọ́. Ó ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ófùn. Èso àárín àwo ti di èédú, ṣùgbọ́n àwọn tó wà létí rẹ̀ ti ṣí.

“Alphonsine, wá wò wọ́n! Wọ́n ń yanu bí ọmọ ẹyẹ!”

“Ìwọ náà pa tìrẹ dé.”

Ó rí hóró ẹ̀kún ìkúùkù méjì. Ó yá ọkọ̀ mi, ó lọ sí Ẹnu Odò Dúdú, ó ro àárín àwọn agbọ̀nrìrì, ó sì gbìn wọ́n. Nígbà tí ìgbà ooru fi ń lọ sópin, wọ́n ti hù. Ó wá sílé ó ń jó. Àwọn ẹyẹ omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ lórí adágún. Ó ní kí Alphonsine kàn wá wò ó, ọjọ́ mẹ́rin péré. Alphonsine gbà, ṣùgbọ́n ó gbé báàgì rẹ̀ dání, ó sì ní kí n wá gbé òun lọ́jọ́ Jímọ́ lọ bá ọkọ̀ òfuurufú.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Modeste mú un lọ síbi oko rẹ̀. Alphonsine wo ilẹ̀. Ó wò ó sí i. Ó wọ awò ojú rẹ̀.

“Níbo ni wọ́n wà?”

“O ń tẹ ọ̀kan.”

Ó gbé ẹsẹ̀. Igi náà kò ga tó èékánná àtàǹpàkò. “Modeste,” ó rọra wí, “eyín tó kù lẹ́nu mi ga ju ẹní rẹ lọ.”

Modeste mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ́ ti dé tán nínú ohùn yẹn. Kò mọ ohun tó kù láti ṣe, ló bá gé ẹ̀ka agbọ̀nrìrì àti ti igi etídò pẹ̀lú ewé wọn, ó tò wọ́n sínú àgọ́ bó ṣe máa ń rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń tò ó, ìdí lábẹ́, orí lókè. Ó rí wúruwùru. Alphonsine sùn lé e lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nítorí ìbàdí ń dùn ún.

Ohun tí Modeste, ọdẹ láti kékeré, ò rántí ni ẹni tó ni oúnjẹ náà. Láti ìgbà tí agbọ̀nrìrì ti gba ibẹ̀ ni múùsì, ẹran gàgàrà tó ga ju ẹṣin lọ, ti pọ̀ ní Ẹnu Odò Dúdú. Ewé yìí gan-an ni wọ́n ń jẹ. Ó ti tẹ́ tábìlì fún wọn nínú ilé.

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú oko rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú àgọ́.

“Modeste, fi ẹní mi sílẹ̀.”

Ó wò yí ká. Ibi tóun wà jìnnà sí ẹní ẹnikẹ́ni.

“Modeste, mo ní kí o fi sílẹ̀! Mò ń sùn.”

Ó dìde dúró.

“Ìwọ, ìgbà wo lo hu irùngbọ̀n?”

Àgọ́ mì. Àwo ìdínǹkan dún gbàǹ lórí egungun. Ariwo, wọ́n ń fa nǹkan ya, lẹ́yìn náà ìbọn dún. Modeste sáré bí ó ti ń sáré nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Àgọ́ ti wó. Múùsì wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ewé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Alphonsine jókòó sórí ilẹ̀ gbalaja, ìbọn Modeste wà lórí itan rẹ̀, ewé kún irun rẹ̀.

“Ó jẹ ẹ́ dé ìbàdí mi,” ó ní. “Mo rò pé ìwọ ni. Mo tiẹ̀ ti gbá a létí.”

“Báwo lo ṣe lè rò pé èmi ni?”

“Irú etí yẹn.”

Wọ́n wo ara wọn. Modeste ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Alphonsine ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó àgọ́ tó ti wó. Láti ọjọ́ iná kejì, Modeste ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Lẹ́yìn náà Alphonsine nu ojú rẹ̀, ó sì ní kó fún òun ní ọ̀bẹ.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Jímọ́, ẹran wà lórí àká, igi tí wọ́n tò láti fi sá ẹran, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ, èéfín ń gòkè lábẹ́ rẹ̀. Báàgì Alphonsine wà nílẹ̀. Ó jókòó lé e, ó ń gé ẹran lọ.

“Mama, ọkọ̀ òfuurufú ń dúró.”

“Kí ó máa lọ. Ṣé ìwọ rí obìnrin tó fi ẹran sórí àká tó lọ jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì? Ilẹ̀ á gbọ́.”

“Kí ni kí n sọ fún Mama Philomène?”

“Sọ fún un pé ẹran ò tíì gbẹ.”

“Bó bá wá gbẹ ńkọ́?”

“Awọ wà láti fá. Lẹ́yìn awọ, màá wò ó.” Ó fi ọ̀bẹ nawọ́ sí ọ̀nà oko. “Bàbá yẹn ò tilẹ̀ ṣe ọgbà yí wọn ká. Múùsì á tẹ̀ wọ́n pa. Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ ọmọ Léonie ló máa tẹ́ ẹní yẹn, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹran ni wọ́n máa bá níbẹ̀.” Léonie ni ọmọbìnrin wọn. Mo wo ibẹ̀, mo sì rí i pé wọ́n ti gún igi yí oko náà ká, èyí tó gún régé àti èyí tó wọ́. Mo mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni.

Modeste sìn mí dé etí omi. Ó di ọkọ̀ mi mú, kò jẹ́ kí n tì í.

“Placide, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́.”

“Ẹ sọ ọ́, Bàbá.”

Ó bojú wẹ̀yìn wò ó bóyá Alphonsine ń gbọ́. “Bá mi sọ fún Un kí iná má dé oko yẹn fún àádọ́ta ọdún. Oko yẹn nìkan, n kò bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ayé. Èmi ì bá sọ ọ́ fúnra mi, ṣùgbọ́n ìwọ àti Òun lẹ jọ máa ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi. Bí Ó bá ní ó pọ̀ jù, ẹ jọ ná an. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má gbà kó bọ́ sísàlẹ̀ ogójì.”